Oògùn Àìsàn Orí Òkè: Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ Ṣàbẹ sọ

Kábíyèsí Oníṣàbẹ, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin àgbààgbà tí ẹ fi oko sílẹ̀ wá jókòó tì wá, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ọjà, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, pàápàá ẹ̀yin mẹ́sàn-án tí a torí yín pe ìpàdé yìí, ẹ kú ìmúra.

Ẹ ránṣẹ́ sí mi pé ẹ ń lọ gun òkè Kamẹrúùnù, ẹ ní kí n wá sọ oògùn tí ẹ máa kó dání fún yín. Inú mi dùn, àyà mi sì já. Inú mi dùn torí pé ẹ béèrè. Àyà mi já torí pé mo mọ ohun tó wà lọ́kàn yín, ó ti wà lọ́kàn tèmi náà rí: "Ọmọ Ṣàbẹ ni wá. Ẹsẹ̀ òkè la bí wa sí. Òkè wo ló tún lè dẹ́rù bà wá?"

Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Òkè tiwa àti òkè tí ẹ ń lọ

Ta ló wà níbí tí kò gun àpáta Ṣàbẹ rí? Mo ń béèrè o. Kò sí. Láti kékeré la ti ń fẹsẹ̀ lásán gùn ún, tí ìyá ń pariwo nísàlẹ̀. Ẹni tó bá dé orí rẹ̀ á rí ojú irin tó ti Kùtọnú wá, á rí oko iṣu, á rí oko òwú lọ salalu. A ò mí hẹlẹhẹlẹ jù, orí ò fọ́ wa, a sọ̀kalẹ̀ wálé wá jẹun. Ìdí nìyẹn tí a fi rò pé a mọ òkè.

Ṣùgbọ́n òkè tó ga jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, òkè Sokbaro ní Atakora, 658 mítà péré ni. Òkè Kamẹrúùnù ga tó 4,095 mítà. Ẹ to Sokbaro mẹ́fà léra wọn lórí, kò tíì débẹ̀. Àìsàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í sábà mú èèyàn àfi tó bá ti kọjá 2,500 mítà. Àwọn baba ńlá wa kò bá a pàdé nílẹ̀ yìí, ìdí nìyẹn tí kò fi ní orúkọ lẹ́nu wa. Ẹ̀yin tí ẹ lọ ilé ìwé mọ̀ ọ́n sí mal des montagnes. Èmi ń pè é ní àìsàn orí òkè.

Kí ló ń fà á? Ẹ rántí bí òwú ṣe máa ń rí nígbà ìkórè, tí a bá kó o jọ gègèrè kí ọkọ̀ tó wá gbé e. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá á ti ki, torí gbogbo ìyókù ló wúwo lé e. Èyí tó wà lókè á fúyẹ́, á tú yẹ́ẹ́. Bí afẹ́fẹ́ ayé ṣe rí gan-an nìyẹn. Àwa la wà nísàlẹ̀ òkìtì òwú. Afẹ́fẹ́ tiwa ki. Bí ẹ ṣe ń gòkè, bẹ́ẹ̀ ló ń fẹ́lẹ́. Àwọn kan a máa sọ pé ọ́síjìn kò sí lórí òkè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdá 21 nínú 100 ni ọ́síjìn nínú afẹ́fẹ́ Ṣàbẹ, ìdá 21 nínú 100 náà ni lórí òkè. Afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ló dín kù. Ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá mí lórí òkè Kamẹrúùnù, ọ́síjìn tó wọlé kò ju bí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá èyí tí ẹ ń mí sínú báyìí níbi tí ẹ jókòó sí.

Mo fojú ara mi rí i. Lọ́dún 2014 tí mo gòkè náà, mo fi bisikí ọlọ́ràá kan sínú báàgì mi. Nígbà tí a kúrò ní Buea, ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè náà, ọ̀rá rẹ̀ rọ̀ wọ̀jọ̀. Nígbà tí a dé ahéré kejì, mo yọ ọ́ jáde, ó ti wú bí ọ̀pọ̀lọ́. Mo rò pé ó ti bàjẹ́. Amọ̀nà wa ló sọ fún mi pé afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ ló wà nínú ọ̀rá, ti ìta ló ti fẹ́lẹ́, kò rí ẹni tì í mọ́nú mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà a gbé ìrẹsì kaná. Omi ń hó kùtùkùtù, a sè é, a sè é, ìrẹsì ṣì ń ṣe kóró lẹ́nu, torí pé lókè yẹn omi a máa hó kó tó gbóná dé ibi tó ń gbóná dé nílé. Ẹ ronú sí i: bí omi inú ìkòkò bá lè yí ìwà padà báyẹn, ṣé ara èèyàn ni kò ní yí padà?

Ohun tí mo pè ní ibà

Apá kejì ọ̀rọ̀ mi rèé, òun ló sì wúwo jù lọ́kàn mi.

A jẹ́ mẹ́fà tó gòkè lọ́dún yẹn, amọ̀nà wa ṣìkeje. Ọ̀rẹ́ mi kan wà nínú wa, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Òun ló lágbára jù nínú wa. Agbábọ́ọ̀lù ni, kò mu sìgá, kò mutí. Òun ló ń ṣíwájú, òun ló ń gba ẹrù ẹlòmíràn gbé. Ní alẹ́ àkọ́kọ́ ó ní orí ń fọ́ òun. Ó ní ibà ni. Èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì, mo gbà pé ibà ni. Ta ni kò ní gbà? Nílẹ̀ wa níbí, bí orí bá fọ́, ibà ni. Bí ara bá wúwo, ibà ni. Bí oúnjẹ ò bá wọlé, ibà ni. Ó lo oògùn ibà, ó sùn díẹ̀, ó jí, ó bi ohun tó jẹ lálẹ́, ó ní ká máa lọ.

A lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn, mo sì máa ń rántí rẹ̀. A lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì a dé ahéré kan tó ti ga ju 3,500 mítà lọ. Òtútù ń mú. Mo rí ọ̀rẹ́ mi tó jókòó lórí òkúta, ó fẹ́ so okùn bàtà rẹ̀. Ó mú okùn kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, ó ń wò wọ́n. Ó wò wọ́n pẹ́. Ó jọ pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n gbé fún un. Mo ní, "Kí ló dé?" Kò dáhùn. Amọ̀nà wa, bàbá ará Buea kan tí irun rẹ̀ ti funfun, fi ọ̀pá rẹ̀ fa ìlà kan sórí ilẹ̀ dúdú tí òkè oníná yẹn da síta, ó ní kí ó tọ orí ìlà náà, kí gìgísẹ̀ kan máa kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì. Ọ̀rẹ́ mi gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, ó gbé ẹ̀kẹta, ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ti mu sódabì yó.

Bàbá yẹn kò sọ̀rọ̀ kankan mọ́. Ó gbé ẹrù, ó tan iná tọ́ọ̀ṣì, ó kọjú sísàlẹ̀.

A di ọ̀rẹ́ mi mú lápá méjèèjì, a sọ̀kalẹ̀ lóru. Nígbà tí a ti wálẹ̀ tó bí ẹgbẹ̀rún mítà, ó ṣàdédé béèrè pé, "Níbo la wà?" Lẹ́yìn náà ó ní ebi ń pa òun. Ẹ ò lè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dùn tó létí mi. Kò sí hóró oògùn kan tó wọ ẹnu rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìsọ̀kalẹ̀ nìkan ló wò ó sàn.

Àwọn àgbà ní ibi tí ọmọ bá nawọ́ sí tó ń sunkún, bí ìyá rẹ̀ ò sí níbẹ̀, bàbá rẹ̀ á wà níbẹ̀. Orí fífọ́ yẹn ń nawọ́ sí ibì kan láti alẹ́ àkọ́kọ́. Àwa ni a kò wo ibi tó ń nawọ́ sí.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Bí ẹ bá ti kọjá 2,500 mítà, tí orí bá fọ́ ẹnì kan, tí èébì ń gbé e, tí ó rẹ̀ ẹ́ kọjá bó ṣe yẹ, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí oorun ò kùn ún, ẹ pè é ní àìsàn orí òkè títí ẹ ó fi rí ẹ̀rí mìíràn. Wákàtí mẹ́fà sí méjìlá lẹ́yìn tí èèyàn bá débẹ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Ibà a máa mú ara gbóná, èyí kì í sábà mú ara gbóná. Ẹ lè kó ohun tí a fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ibà dání, ó dára, ẹ kó o. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹnu pe ibà kí ẹ sì máa gòkè.

Ẹnì kan lè sọ pé àwọn tó ń sá eré ìje lọ́dọọdún ní Buea ńkọ́, àwọn tó ń sáré dé orí òkè yẹn tí wọ́n sì ń sáré padà? Sarah Etonge ṣe é, ó gba ipò kìíní lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n sì ń pè é ní ọbabìnrin òkè. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn kì í sábà lo wákàtí mẹ́fà lókè lọ́hùn-ún kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀. Àìsàn kò tíì délé tí wọ́n ti jáde. Ẹ̀yin ń lọ sùn síbẹ̀. Orí òkè tí a sùn sí ló ń múni.

Agbára kò sì gbani lọ́wọ́ rẹ̀. Alágbára ló ń yára gòkè, ẹni tó bá yára gòkè ló sì ń mú.

Oògùn tó ń kọ́ ara, àti oògùn tó ń pa ara lẹ́nu mọ́

Mo mọ̀ pé oògùn lẹ wá gbọ́. Ó yá. Ìyàlẹ́nu tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn oògùn àìsàn orí òkè kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ wa. Wọ́n wà ní fáàmásì. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n wà nínú àpótí ìyá yín. Iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n ń ṣe níbí.

Àkọ́kọ́ ni acetazolamide, tí a mọ̀ sí Diamox. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ní àrùn ojú tí ń jẹ́ glaucome á ti rí i. Báwo ni oògùn ojú ṣe di oògùn òkè? Ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Bí ẹ bá dé òkè, ara á fẹ́ mí kíákíá kó lè rí ọ́síjìn. Ṣùgbọ́n bí a bá ń mí kíákíá, afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí tó yẹ kó ṣẹ́ kù díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ á jáde jù, ẹ̀jẹ̀ á sì yí padà kúrò ní bó ṣe yẹ kó wà. Ọpọlọ á rí i, á ní, "Ó tó, ẹ má mí mọ́." Lóru á burú sí i: ẹni tó sùn á mí, á mí, á dákẹ́ lọ bí ìgbà tí ó kú, á tún ta gìrì mí. Ẹ̀yin tí ẹ bá sùn nítòsí ara yín á gbọ́ ọ, á sì bà yín lẹ́rù. Ara lè tún ọ̀rọ̀ yìí ṣe fúnra rẹ̀: kíndìnrín á máa da ohun tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ sínú ìtọ̀, ṣùgbọ́n á gba ọjọ́ mélòó kan. Diamox ló ń sọ fún kíndìnrín pé kó bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ẹ̀jẹ̀ á padà sípò, ọpọlọ á sì gbà kí ẹ máa mí. Ṣé ẹ rí i? Kò pa àìsàn mọ́lẹ̀. Ó ń mú kí ara yára kọ́ ohun tó ti fẹ́ kọ́ tẹ́lẹ̀.

Lọ́dún 1976 ni dókítà Peter Hackett, ará Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí wọn jáde nípa àwọn tó ń rìn lọ sí ìsàlẹ̀ òkè Everest ní Nepal. Wọ́n rí i pé Diamox ń ran àwọn tó gbé ọkọ̀ òfurufú dé òkè tààrà lọ́wọ́. Wọ́n tún rí i pé àwọn tó fẹsẹ̀ rìn láti ìsàlẹ̀, tó pẹ́ lọ́nà, kò ṣàìsàn tó àwọn tó fò débẹ̀. Ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Ohun tí àwọn àgbà wa ti sọ ni wọ́n lọ fi ìwádìí bá pàdé ní Nepal.

Bí àgbàlagbà ṣe ń lò ó láti fi dènà àìsàn ni 125 mílígíráàmù láàárọ̀, 125 lálẹ́. 250 ni hóró rẹ̀ sábà máa ń jẹ́, ìdajì hóró nìyẹn. Ọjọ́ kan kí ẹ tó gòkè lẹ ó bẹ̀rẹ̀. Dókítà gbọ́dọ̀ kọ ọ́ fún yín, kì í ṣe èmi, kì í ṣe ọ̀rẹ́ yín. Ẹ ó máa tọ̀ gan-an. Ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ á máa ta yín ṣín-ín-ṣín-ín, bí ìgbà tí èèrà ń rìn lórí wọn. Ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò á tẹ́ lẹ́nu yín. Ẹ má bẹ̀rù èyí. Ṣùgbọ́n ẹni tí oògùn Bactrim tàbí oògùn ibà Fansidar bá ti kọ̀ lára rí, tó sú sí lára tàbí tí ojú rẹ̀ wú, kó sọ fún dókítà kó tó gbé hóró kan mì, torí pé Diamox àti àwọn oògùn yẹn bá ara wọn tan.

Èkejì ni dexamethasone. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí. Ẹ mọ oògùn yìí. Òun ni àwọn ọmọbìnrin kan ń rà lọ́jà, hóró kéékèèké, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè kún kí ìdí lè yọ. Mo ti tọ́jú àwọn tí ó ba ara wọn jẹ́: egungun tó rọ̀, ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, awọ ara tó ya. Oògùn tó lágbára ni, kì í ṣe ohun à ń jẹ láti sanra. Lórí òkè, iṣẹ́ rẹ̀ ga: bí ọpọlọ bá wú, tí ẹni náà ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀rẹ́ mi, tí ó ń sọ ìsọkúsọ, dexamethasone lè dín wíwú yẹn kù. Mílígíráàmù mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà mẹ́rin ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà. Á jẹ́ kí ojú rẹ̀ là, kó lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀.

Ìyàtọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ sílé rèé. Diamox ń kọ́ ara. Dexamethasone kò kọ́ ara ní nǹkan kan. Ó ń pa ara lẹ́nu mọ́ ni. Ọmọ tó ń sunkún, ó fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ohun tó ń pa ọmọ lẹ́kún kò tíì kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá lo dexamethasone tí ara rẹ̀ wá yá, tó ní, "Ó ti lọ, ẹ jẹ́ ká tẹ̀síwájú," ẹni náà ń lọ síbi tí àìsàn á ti padà wá bá a ní ìlọ́po méjì, nígbà tí oògùn bá tán lára, tí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ sì ti jìnnà. Ẹni tó bá gbé e mì, ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ẹ̀kẹta ni nifedipine. Bàbá mi lo oògùn yìí fún ẹ̀jẹ̀ ríru títí ọlọ́jọ́ fi dé. Lórí òkè, nígbà mìíràn, iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró á fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa fi agbára gba inú wọn, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í jò sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni náà jókòó, kò ṣe iṣẹ́ kankan, ó ń mí hẹlẹ. Ó ń wúkọ́. Bí ẹ bá gbé etí sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ó gbọ́ ìró bí ìgbà tí ọbẹ̀ ń hó nínú ìkòkò tí a dé. Bí ó bá pẹ́, itọ́ á di ìfófòó, á pọ́n díẹ̀. Nínú gbogbo àìsàn orí òkè, èyí ló ń pa èèyàn jù. Ọ́síjìn àti ìsọ̀kalẹ̀ ni ìtọ́jú rẹ̀. Bí kò bá sí ọ́síjìn, tí ìsọ̀kalẹ̀ sì ń pẹ́, dókítà lè ní kí wọ́n fún un ní nifedipine, èyí tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, 30 mílígíráàmù ní wákàtí méjìlá méjìlá, kó tú iṣan náà. Ẹ sì má jẹ́ kó dá rìn tàbí kó gbé ẹrù. Ẹ gbé e bí ẹ bá lè gbé e.

Paracetamol àti ibuprofen ńkọ́? Ẹ kó wọn dání, wọ́n dára fún orí fífọ́. Bí ẹ bá lò ó tí orí fífọ́ lọ, tí ara sì yá, ẹ dúró níbi tí ẹ wà títí di ọjọ́ kejì. Bí kò bá lọ, ẹ padà.

Ta ló máa di oògùn mú?

Ẹ lè ra gbogbo ohun tí mo kà yìí, kí ó sì má ṣe yín láǹfààní. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1875, àwọn ọkùnrin Faransé mẹ́ta wọ bàlúùnù ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Zénith, wọ́n fò lọ sókè. Gaston Tissandier, Joseph Crocé-Spinelli àti Théodore Sivel ni wọ́n. Wọ́n kọjá 8,000 mítà. Òmùgọ̀ kọ́ ni wọ́n. Wọ́n mọ̀ pé afẹ́fẹ́ á fẹ́lẹ́, wọ́n gbé ọ́síjìn dání nínú àpò, ọ̀pá tí wọ́n máa fi fà á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu wọn. Paul Bert, onímọ̀ tó ń ṣèwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Paris, ti kọ̀wé sí wọn pé ọ́síjìn náà kò ní tó, ṣùgbọ́n ìwé náà kò tètè dé. Síbẹ̀, èyí tí wọ́n ní wà níbẹ̀. Tissandier nìkan ló yè, òun ló sì sọ bó ṣe rí. Ó ní òun kò mọ ìrora. Ó ní inú òun tilẹ̀ dùn. Ó fẹ́ gbé apá mú ọ̀pá ọ́síjìn, apá kò gbé. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ahọ́n kò yí. Nígbà tó jí, àwọn ẹnì kejì rẹ̀ méjèèjì ti kú.

Oògùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un gbọ́: oògùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ohun tí òkè kọ́kọ́ ń gbà lọ́wọ́ èèyàn ni làákàyè tó máa fi mọ̀ pé ara òun kò yá. Ọ̀rẹ́ mi kò mọ̀. Bí mo bá bi í léèrè, á ní ara òun le. Nítorí náà, ẹ̀yin mẹ́sàn-án, kí ẹnikẹ́ni má di oògùn ara rẹ̀ nìkan mú. Ẹ pín ara yín ní méjì méjì, kí àwọn mẹ́ta tó kù wà pọ̀. Ẹnì kejì rẹ ló mọ ibi tí oògùn rẹ wà nínú báàgì. Ẹnì kejì rẹ ló máa bi ọ́ ní ìbéèrè láàárọ̀ àti lálẹ́, òun ló máa fa ìlà sílẹ̀ fún ọ kí o tọ̀ ọ́. Bí ó bá ní kí o sọ̀kalẹ̀, má bá a jiyàn. Ẹ ṣe àdéhùn yẹn níbí, níṣojú Kábíyèsí, kí ẹ tó kúrò ní Ṣàbẹ, torí pé lọ́hùn-ún orí tó ń jiyàn kì í ṣe orí yín mọ́.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ bá yín gòkè

Èyí kò ní pẹ́, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí.

Tramadol. Mo rí i lọ́wọ́ àwọn tó ń gun ọ̀kadà, mo rí i lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ ebè. Wọ́n ní ó ń fún àwọn lágbára. Oògùn yìí a máa mú kí ọpọlọ gbàgbé láti mí. Lórí òkè tó jẹ́ pé mímí nìkan ló ń gbà yín là, ẹ ń gbé ẹni tó máa fún yín lọ́rùn dání. Oògùn oorun bíi Valium, bákan náà. Sódabì tí àwọn kan fẹ́ fi lé òtútù, bákan náà. Ẹ fi sílẹ̀ nílé.

Ibi tí ẹ ti máa ra oògùn náà ṣe pàtàkì. Gbogbo wa la mọ Adjégounlè nínú ọjà Dantokpa ní Kùtọnú, níbi tí wọ́n ti ń ta oògùn bí ẹni ń ta ẹ̀pà kí ìjọba tó lọ kó wọn lọ́dún 2017. Èyí tó kù ṣì ń rìn kiri lórí igbá. Ẹni tó ra oògùn ayédèrú fún orí fífọ́ ní Ṣàbẹ, orí á fọ́ ọ dọ́la, á tún lọ ra òmíràn. Lórí òkè, kò sí ibi tí ẹ ti máa ra òmíràn. Fáàmásì ni kí ẹ lọ.

Èyí tó kẹ́yìn nínú apá yìí jẹ mọ́ ẹ̀jẹ̀ wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ẹ̀jẹ̀ AS, a sì ń rìn káàkiri bí ẹni tí kò ní nǹkan kan, torí nísàlẹ̀ níbí kò sábà ṣe wá ní nǹkan kan. Bí ọ́síjìn bá dín kù, ẹ̀jẹ̀ AS náà lè lọ́ bíi ti SS, kó dí iṣan, kó ba ọlọ inú jẹ́, ìyẹn ẹran ara tó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì. Ẹni tó bá jẹ́ AS tí ìhà òsì bá ń dùn ún gidigidi lórí òkè, kó sọ̀kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Diamox kò wo ìyẹn. Ẹni tó bá jẹ́ SS, mo fi ìfẹ́ bẹ̀ ọ́, má lọ. Kì í ṣe ìtìjú. Máa dúró dè wọ́n ní Buea, ibẹ̀ náà lẹ́wà.

Ìbéèrè ìyá kan

Ìyá kan nawọ́ báyìí. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n bi mí: "Ọmọ mi, ṣé kò sí àgbo fún un?" Ẹ ṣé, ìyá mi, ìbéèrè gidi ni. Àwọn tó ń gbé lórí òkè Andes ní Amẹ́ríkà Gúúsù a máa jẹ ewé kan tí wọ́n ń pè ní coca, wọ́n ní ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí tó dájú pé ó ń dènà àìsàn yìí. Àwọn yẹn ti gbé orí òkè fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ara wọn ti bá a mu láti inú ìyá wọn wá. Tiwa, a kò ní àgbo fún àìsàn tí àwọn baba wa kò rí. Bí ẹ bá fún ọmọ yín ní atalẹ̀ nítorí èébì, kò burú, kó mu ún. Kó má sì torí rẹ̀ gòkè sí i.

Àgbo tí mo ní fún un ni ọjọ́. Ẹ fi ọjọ́ kún ìrìn yín. Bí ẹ bá ti kọjá 3,000 mítà, kí ibi tí ẹ máa sùn lónìí má fi ju 500 mítà ga ju ibi tí ẹ sùn lánàá. Mo ti rí ìwé ètò yín. Ọjọ́ méjì lẹ kọ. Òkè yẹn kò ní ahéré ní gbogbo 500 mítà, èmi náà mọ̀, nítorí náà ẹ sun ọjọ́ méjì ní ahéré kejì, kí ẹ lọ fi ojú kan orí òkè láàárọ̀ kùtù, kí ẹ sì padà sísàlẹ̀ lọ́jọ́ náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Owó amọ̀nà á lé díẹ̀. Ẹ̀yin òbí tí ẹ jókòó yìí, ẹ jẹ́ ká dá owó yẹn. Èmi á kọ́kọ́ mú tèmi wá.

Ẹ kú ìfetísílẹ̀. Kábíyèsí, mo dúpẹ́. Ẹ̀yin mẹ́sàn-án, ẹ má tíì lọ. Ẹ̀rọ kékeré tí à ń fi há ìka, tó ń ka ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, wà lọ́wọ́ mi. Ẹ tò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, màá kọ iye tí ó bá gbé jáde nílé fún yín sínú ìwé, kí ẹnì kejì yín lè mọ ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ká pàdé ní ilé ìwòsàn lọ́la ní aago mẹ́jọ.